Khadijah Ní Owó Lọ́wọ́: Kí Ni Ká Sọ Fún Ọmọbìnrin Tí Kò Ní?

 



Nígbàkígbà tí wọ́n bá ní kí oníwàásù wá bá àwọn ọ̀dọ́bìnrin sọ̀rọ̀ lórí òwò, orúkọ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu wa: ìyá wa Khadijah, ọmọ Khuwaylid. Òótọ́ ni ohun tí à ń sọ. Oníṣòwò pàtàkì ni, ẹrù rẹ̀ ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáàmù, ó ń rán àwọn ọkùnrin lọ ná ọjà kí wọ́n lè jọ pín èrè. Ànábì fúnra rẹ̀ bá a kó ẹrù lọ kí wọ́n tó so yìgì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í dúró lé lórí: Khadijah ti ní owó lọ́wọ́ nígbà tó ń rán wọn.

Ẹ wá fi èyí wé ọmọbìnrin kan ní Arimogija, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́. Bàbá rẹ̀ ń ro oko kòkó àti ẹ̀gẹ́, ìyá rẹ̀ ń yan gààrí. Ó jáde ilé-ìwé girama, kò sí owó láti lọ síwájú, ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ó ṣe fírídọ̀ọ̀mù, àwọn ọ̀rẹ́ jó, wọ́n ya fọ́tò. Ọjọ́ kejì, kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ. Tó bá fẹ́ ra òwú àti bọ́tìnnì lọ́pọ̀, Ọ̀wọ̀ ló máa lọ, owó ọkọ̀ sì ti gbówó lórí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023. A wá dé, a ní kó ṣe bíi Khadijah. Pẹ̀lú kí ni?

Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ìtàn Asmau, ọmọ Abubakar, ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, Bukhari sì gbà á wá. Ó ní nígbà tí Zubayr fẹ́ òun, kò ní ilẹ̀, kò ní owó, kò ní ẹrú, àfi ràkúnmí tó fi ń fa omi àti ẹṣin rẹ̀. Asmau ló ń fún ẹṣin lóúnjẹ, òun ló ń pọn omi, òun ló ń rán korobá awọ tó bá ya, òun ló ń po ìyẹ̀fun. Ó máa ń ru kóró èso dàbínù lórí láti ilẹ̀ tí Ànábì fún Zubayr wá sílé, ọ̀nà tó lé ní kìlómítà mẹ́ta. Ọmọ Abubakar ni o! Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ojú ń tì nítorí pé ẹ ru ẹrù lórí gba iwájú ilé àwọn ọ̀rẹ́ yín kọjá, ẹ gbọ́ ìtàn yìí dáadáa.

Ìtàn náà kò tán síbẹ̀, ibi tó kù yìí gan-an ló sì kan àwa tó kù. Asmau ní òun kò mọ búrẹ́dì ṣe dáadáa, àwọn obìnrin Ansari tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò òun ló ń bá òun ṣe é, ó sì yìn wọ́n pé olóòótọ́ obìnrin ni wọ́n. Nígbà tó yá, bàbá rẹ̀ fi ìránṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí i kó máa tọ́jú ẹṣin. Ó ní ṣe ló dà bí ẹni pé bàbá òun dá òun sílẹ̀ lóko ẹrú. Ẹ rí i pé àdúgbò ràn án lọ́wọ́, bàbá náà sì gbé ẹrù kan kúrò lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dúró lókèèrè tó ń sọ fún un pé kó ṣáà tẹra mọ́ṣẹ́.

Ẹni tó bá sì ń sọ pé obìnrin ò gbọdọ̀ jáde lọ wá nǹkan rárá, kó lọ wo ìtàn àbúrò ìyá Jabir tí Muslim gbà wá. Ọkọ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó wà nínú ìdá, ó fẹ́ lọ ká èso dàbínù rẹ̀ lóko. Ọkùnrin kan bá a wí pé kò gbọdọ̀ jáde. Ó gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ Ànábì, Ànábì sì ní kó lọ ká a, nítorí ó ṣeé ṣe kó fi ṣe sàráà tàbí kó fi ṣe rere mìíràn. Súrà Nisáì, ẹsẹ̀ 32, náà fi yé wa pé ìpín obìnrin wà nínú ohun tí obìnrin bá ṣiṣẹ́ fún, bí ti ọkùnrin ti wà. Ìwà ẹ̀sìn, aṣọ tó bo ara, àbò lójú ọ̀nà, gbogbo ìyẹn kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá.

Nígbà tí ọmọbìnrin yìí kò rí owó nílé, tí kò rí i ní mọ́sálásí, ibo ló ń lọ? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó ń lọ sí ibi tí àwọn ìyá wa ń pè ní gbọ́mú-lé-láńtà. Orúkọ náà ti sọ ìnira tó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Ká ní wọ́n yá a ní ₦100,000, wọ́n ní kó máa san ₦5,500 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún. Àpapọ̀ ohun tó máa san jẹ́ ₦132,000. Ó máa rò pé ₦32,000 lórí ₦100,000 ni èlé rẹ̀. Rárá o. Láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ló ti ń dá owó padà, nítorí náà kì í ṣe ₦100,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo oṣù náà. Tí a bá pín in dọ́gba, díẹ̀ ló fi lé ní ìdajì. Lórí ìdajì yẹn ló ti ń san ₦32,000, láàárín oṣù mẹ́fà péré. Tí ó bá sì kùnà, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ló máa san án fún un, àwọn náà ló sì máa wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ fún ìlú àgbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ni ayálówó ń kà. Oko kò mọ ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ń lò tó ọdún kan nínú ilẹ̀. Owó kòkó pọ̀ nílùú láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kìn-ín-ní. Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ń rán aṣọ, tí wọ́n ń ra àkàrà òyìnbó, tí wọ́n ń ṣe irun. Tó bá di àárín ọdún, tí ọwọ́ dá, aránṣọ lè jókòó láti Mọ́ńdè dé Sátidé láìrí oníbàárà kan. Ayálówó ṣì ń bọ̀ ní Túsìdeè.

Gbogbo wa mọ ìdájọ́ ríbà. Súrà Bákárà, láti ẹsẹ̀ 275, kò fi ibì kankan bò. Ànábì sì ṣẹ́ èpè lé ẹni tó ń gba èlé, ẹni tó ń san án, ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi rèé, ẹ̀yin àlùfáà àti ẹ̀yin àgbààgbà: àwa tí a ń ka ẹsẹ̀ yìí sí ọmọbìnrin yẹn létí, kí la gbé sílẹ̀ fún un dípò èlé? Ó yẹ kí ojú tì wá díẹ̀. A lè ná owó tó pọ̀ lórí wọ̀límọ̀, a lè ra aṣọ ẹbí, ká se odindi màlúù, ọmọ tí a sì ń ṣe wọ̀límọ̀ náà fún kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Nígbà tí bàbá bá kú, tí oko kòkó wà, ta ló ń jogún rẹ̀? Ní ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa, àwọn ọmọkùnrin ló ń pín in, wọ́n á ní ilé ọkọ ni obìnrin ń lọ. Súrà Nisáì, ẹsẹ̀ 7, kò mọ àṣà yẹn. Ó ní ìpín wà fún obìnrin nínú ohun tí òbí fi sílẹ̀, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀. Ẹsẹ̀ 4 nínú súrà kan náà fi sàdáàkì lé ìyàwó fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe bàbá, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Mo gbà pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin tí à ń pè ní tálákà kì í ṣe tálákà látilẹ̀wá. A jẹ ìpín wọn ni.

Àwọn báńkì tí kì í gba èlé ti wà ní Nàìjíríà: Jaiz bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012, TAJBank ní 2019, Lotus ní 2021. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá owó ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní abúlé kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹgbẹ́ alásàlátù súnmọ́ ọn jù wọ́n lọ. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń pé jọ, wọ́n mọ ara wọn, wọ́n mọ ọmọ tó ṣeé fọkàn tán àti èyí tí kò ṣeé fọkàn tán. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé obìnrin kò lè dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ní Ìbàdàn, ní 1958, àwọn obìnrin Mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ Ìsábàtùdéènì sílẹ̀, Àlàájà Humuani Alága, ẹni tó ń ta aṣọ, ló ṣíwájú wọn. Nígbà tó di 1964, wọ́n ti ní ilé-ìwé girama fún àwọn ọmọbìnrin. Bí àwọn obìnrin ọjà bá lè gbé ilé-ìwé dúró, wọ́n lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta lọ́dún.

Ẹ yá a lówó láìsí èlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí súrà Bákárà, ẹsẹ̀ 282, ti pa á láṣẹ, ẹ pe ẹlẹ́rìí, ẹ sì fi àkókò ìsanwó sí ìgbà kòkó, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí ó bá wá nira fún un, ẹsẹ̀ 280 ní kí ẹ ṣe sùúrù fún un. Ẹni tí ìyà ń jẹ ní tòótọ́, ẹ fún un nínú sàká. Imam Nawawi kọ ọ́ pé a lè fi ra irinṣẹ́ fún oníṣẹ́ ọwọ́ tó jẹ́ aláìní.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ wà ní Àkúrẹ́ tàbí Èkó, tí ẹ fẹ́ dá owó lé òwò àbúrò yín, ẹ̀yin náà lè ṣe bíi Khadijah: owó lọ́dọ̀ yín, iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí ìdá tí kálukú máa mú nínú èrè. Tí òwò bá ṣòfò láìjẹ́ pé ó ṣe àìbìkítà, ẹ̀yin lẹ pàdánù owó, òun pàdánù làálàá. Àmọ́ tí ẹ bá ní, “Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún mi lóṣooṣù,” gbọ́mú-lé-láńtà náà lẹ ṣí sílẹ̀ yẹn, ẹ kàn wọ̀ ọ́ ní fìlà ni.

Ìwọ náà, àbúrò mi, gbọ́ tìrẹ. Owó òwò kì í ṣe owó ọbẹ̀. Ya àpò méjèèjì sọ́tọ̀. Má gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣèlérí pé yóò di ìlọ́po méjì lórí fóònù. MMM ti pa ilẹ̀kùn dé mọ́ àwọn èèyàn lójú ní Disemba 2016, CBEX tún ṣe é ní 2025. Tí o bá ń ta gààrí, kí ìsàlẹ̀ kóńgò rẹ má wú wọnú. Tí o bá ń gba owó ọjà sílẹ̀ lórí WhatsApp kó o tó lọ rà á, gba owó náà pé, kí ẹ jọ mọ irú ọjà, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí wàá gbé e dé, bí Ànábì ti kọ́ àwọn ará Mẹ̀dínà nígbà tó bá wọn lẹ́nu irú káràkátà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin aránṣọ ńkọ́! Ẹ gba aṣọ ogójì èèyàn, ẹ mọ̀ pé ogún lẹ lè rán kí Iléyá tó dé. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, ẹ pa fóònù. Ẹni tó ṣèlérí tó sì yẹ̀ ẹ́, ẹ mọ ẹgbẹ́ tí Ànábì kà á mọ́.

Ẹ̀yin ará Arimogija, àti gbogbo ìlú tó bá jọ ọ́, kòkó máa tó gbó. Lẹ́yìn Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹnì kan dìde bi akápò pé èló ló wà nínú àpótí, kó sì tún bi àwọn ìyá alásàlátù pé mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù tí wọn kò tíì ní ẹ̀rọ.