Kẹ̀kẹ́ Kì Í Ṣe Ìtìjú, Òkè Ni Kí A Bá Wọn Gùn



Kì í ṣe lásán ni ìjọba fi sọ ẹkùn wa ní Collines nígbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára Zou. Òkè ni Faransé ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti dé Ìdáàṣà, ìlú òkè mọ́kànlélógójì, tàbí tó ti rí àwọn àpáta ńlá tó yọrí sókè ní Ṣábẹ̀, á mọ̀ pé orúkọ náà bá wa mu. A máa ń fi àwọn òkè yìí yangàn fún àlejò. Inú wọn ni àwọn baba ńlá wa sá pamọ́ sí nígbà ogun Dànhọ̀mẹ̀. Àmọ́ òkè kan náà ló ń já àwọn òṣìṣẹ́ wa lẹ́sẹ̀ lónìí, ohun tí a sì fẹ́ bá yín sọ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a dúró sórí òkè kan lójú ọ̀nà abúlé. Olùkọ́ kan ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, àpò ìwé wà níwájú rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi wà lẹ́yìn. Ó wà á dé ìdajì òkè, kẹ̀kẹ́ ò lọ mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń tì í. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀, kò sí àyè létí ọ̀nà, ó ní láti bọ́ sínú kòtò kí ọkọ̀ tó kọjá. Eruku bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó tẹríba, ó kí wa. A ní, «Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o.» Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, «Bàbá, iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀.»

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn wa. Ọmọ ta ló ń lọ kọ́? Ọmọ wa ni. Agbára tó yẹ kó fi kọ́ wọn, ìdajì rẹ̀ ti tán sójú ọ̀nà.

Àwa tí a ti gba rètírẹ́ẹ̀tì mọ ohun tí à ń sọ. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba, kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa ń gùn lọ sí bíró. Àárọ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀, ara ṣì tutù. Ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà wà. Ẹni tó ti dúró látàárọ̀, tí ebi ń pa, tí orúnkún rẹ̀ ti wúwo bí òkúta, òkè kan á di méjì lójú rẹ̀. Tí ọyẹ́ bá tún wá ń fẹ́ kò ó lójú, ká má wulẹ̀ sọ ọ́. Orúnkún tó ń dun ọ̀pọ̀ wa lónìí, láti ìgbà yẹn ni.

Lẹ́yìn náà ni àlùpùpù dé, epo kpayo láti Nàìjíríà sì wà káàkiri. Kẹ̀kẹ́ wá di ti tálákà. Àmọ́ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ààrẹ tuntun Nàìjíríà kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Kò pẹ́ tí epo inú ìgò fi wọ́n létí títì tiwa níbí. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ò ká epo ojoojúmọ́ mọ́, ó padà sórí kẹ̀kẹ́. A sì ń gbọ́ tí àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé «fonctionnaire oníkẹ̀kẹ́». Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n yéé. Ẹni tó gun òkè wá kọ́ ọmọ rẹ, tàbí tó gùn ún wá gbẹ̀bí ìyàwó rẹ, ẹ̀sín kọ́ ló tọ́ sí i.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ìjọba ni. Òótọ́ ni, àmọ́ ìjọba wo? Ọ̀nà ọlọ́dà ńlá tó gba Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ lọ sí Parakou, ti ìjọba Kutọnu ni. Ṣùgbọ́n òfin 97-029 ti ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1999 ti fi ọ̀nà abúlé àti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sọ́wọ́ kọmúnù. Òfin 2021-14 ti oṣù kejìlá ọdún 2021 sì fa iṣẹ́ ojoojúmọ́ kọmúnù lé ẹni tí wọ́n ń pè ní secrétaire exécutif lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn tó yẹ ká kàn ò jìnnà.

Ohun mẹ́ta la fẹ́.

Èkíní, nígbà tí kọmúnù bá ń tún ọ̀nà abúlé ṣe, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ létí ọ̀nà ní gbogbo ibi tó bá ga, fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Kí wọ́n sì la ojú àgbàrá, kí òjò má baà gbẹ́ ọ̀nà di kòtò.

Èkejì, kí abúlé kọ̀ọ̀kan wá yàrá fún olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì rẹ̀. Yàrá méjì tó ní páànù lórí, a lè fi ọ̀wẹ̀ kọ́ ọ. Ẹni tó bá ń sùn lọ́dọ̀ wa kò ní gun òkè lọ, gun òkè bọ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀kẹta ò ná wa ní nǹkan kan. Àwọn ìyá wa àtijọ́ máa ń gbé ìkòkò omi sábẹ́ igi lójú ọ̀nà oko. Ẹ jẹ́ ká dá a padà sórí àwọn òkè wa.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Kọmúnù ní ẹ̀rọ tó ń tún ọ̀nà ṣe, àwa ní ọwọ́ àti ilẹ̀. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó ń bọ̀, kí baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú orúkọ òkè tó burú jù lójú ọ̀nà abúlé rẹ̀ wá. A óò kọ gbogbo wọn sínú ìwé kan ṣoṣo, a óò sì jọ gbé e lọ sí ilé mẹ́ẹ̀rì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ire o.