Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọlọ́pàá Kó Ará Ilé Lónìí

Ẹni tó bá wọ dáńfó láti Ojúẹlẹ́gba lọ sí Costain, orí títì tí wọ́n fi orúkọ òkú pè ló ń gbà lọ. Àwọn kọ̀ńdọ́ ṣì ń pè é ní Western Avenue, ọ̀pọ̀ àgbà Sùúrùlérè náà kò sì tíì jáwọ́ nínú orúkọ yẹn, àmọ́ Funsho Williams Avenue ni ìjọba kọ sára pátákó. Ẹ̀njiníà ni Funsho Williams. Ó ṣe kọmíṣọ́nnà iṣẹ́ òde l'Ékòó láyé ìjọba ológun, ó du ipò gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ PDP ní 2003, ó sì tún ti ń múra ìdìbò 2007 nígbà tí wọ́n wọlé pa á ní Dolphin Estate, Ìkòyí, ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 2006.

Ta ni wọ́n mú? Àwọn tó sún mọ́ ọn. Ọlọ́pàá tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ wà lára wọn. Èèyàn mẹ́fà ni wọ́n wọ́ lọ sílé ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì falẹ̀ títí di 2014, nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga Èkó ní kí wọ́n máa lọ sílé, pé ìjọba kò rí ẹ̀rí kan mú wá tó so wọ́n mọ́ ikú ọkùnrin náà. Nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ti kọjá lórí òkú. Wọ́n tú àwọn mẹ́fà yẹn sílẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Títì la rí, a ò rí apànìyàn.

Àwa Yorùbá ní òwe kan tí mo kórìíra, bó tilẹ̀ dùn lẹ́nu: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu alága àdúgbò, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́pàá pẹ̀lú. Ẹ wò ó dáadáa. Nínú òwe yẹn, kò sẹ́ni tó yẹ òkú ọmọ wò. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ibà mú un, tàbí kí ló jẹ sùn. Àjẹ́ ké, ó parí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ṣe ń wádìí ìpànìyàn lórílẹ̀ Èkó yìí: ta ló wà níbẹ̀, ta ló bá a jà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ta ló jẹ ẹ́ lówó? Gbé e.

Ẹni tó bá gbé Múṣín mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á bá òkú ẹnìkan lẹ́bàá gọ́tà ní Ìdí-Òrò tàbí ní Ọlọ́ṣà. Kí ọlọ́pàá tó dé, ìyá kan á ti fi omi àti Omo fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí ó fẹ́ tajà lọ́jọ́ yẹn, gbogbo àdúgbò á sì ti fẹsẹ̀ tẹ ohun tó kù mọ́lẹ̀. Nígbà tó bá di òru, mọ́tò ọlọ́pàá á wọlé. Wọ́n á kó àwọn ọmọ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á kó ọlọ́kadà, wọ́n á kó fọganáísà tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n á kó ẹni tó ní òun kàn jáde wá ra búrẹ́dì. Láti tẹ́ṣàn, ó di Pàǹtí, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn ńlá l'Ékòó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni kì í jẹ́ kí n sùn. Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n tó mọ ọ̀gá kan á jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí ìyá rẹ̀ rí owó àjọ gbà á jáde lọ́jọ́ kejì. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri tẹ́ṣàn pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ẹni tó bá kà á sókè níbẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n á fi rín in. Bí wọ́n ṣe ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, títí tí yóò fi ku ẹnìkan tí kò léèyàn: ọmọ tó ti ìlú kejì wá, tí kò tíì pé ọdún kan l'Ékòó, tí fóònù rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àìpíò, ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn náà. Ẹni tó kù yẹn ni wọn yóò pè ní afurasí. Òṣì ló yàn án, ẹ̀rí kọ́.

Ẹ lọ sí Pàǹtí ní Yábàá ní òwúrọ̀ ọjọ́ ajé kan, kí ẹ dúró díẹ̀ sójú títì. Ẹ ó rí àwọn obìnrin tó gbé kúlà oúnjẹ dání, tí wọ́n ń bẹ ẹni tó wà lẹ́nu géètì: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi ni, ẹ bá mi fún un.” Àwọn lọ́yà oníbéèlì ń bá wọn dúnàá-dúrà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣe fótókópì ń pawó, aláàgbo náà kò gbẹ́yìn. Àwọn ìyàwó kan ti mọ gbogbo ọlọ́pàá tó ń dúró sẹ́nu géètì lórúkọ. Láti ibẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ adájọ́ májísíréètì. Májísíréètì kò láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn. Ohun tó lè ṣe ni kó ní kí wọ́n lọ fi afurasí sí ẹ̀wọ̀n Kirikiri tàbí ti Ìkòyí títí ìmọ̀ràn yóò fi dé láti ọ́fíìsì DPP, olórí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn. Ìmọ̀ràn náà kì í sì í sáré. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ni ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi ohunkóhun.

Nílé afurasí ńkọ́? Láńlọ́ọ̀dù á ní òun kò lè fi ìdílé apànìyàn sílé. Oníbàárà ìyá rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ra ata níbòmíràn. Wọ́n á fi bàbá pe ọmọ ní kíláàsì. Bí ilé ẹjọ́ bá sì wá dá ọkùnrin náà sílẹ̀, àdúgbò ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn: “Lọ́yà ẹ̀ ló mọ ọ̀rọ̀ sọ.” Mo mọ̀ pé àwọn òǹkàwé kan á ní kí n dá ẹnu mi dúró, pé ìdílé ẹni tí wọ́n pa ló yẹ ká máa ṣàánú. Àwọn gan-an ni mo ń rò. Ẹ rò ó wò: ìyá kan ti fi gbogbo ara kórìíra ẹnìkan fún ọdún mẹ́fà, ó ti fi orúkọ rẹ̀ gbààwẹ̀, ó ti bú ìyá rẹ̀ lójú ọjà. Adájọ́ kan wá sọ fún un pé ẹni yẹn kọ́. Ibo ni kó gbé ìkórìíra yẹn sí? Wọn kò fún un ní ẹlòmíràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, àdúgbò kan náà ni ìdílé méjèèjì ń gbé, wọ́n jọ ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ kan náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pa ọmọ obìnrin yẹn, apànìyàn sì ń jẹun rẹ̀ lọ níbi tó wà.

Àwọn tí ìpànìyàn ṣojú wọn ńkọ́? Wọ́n ti kọ́gbọ́n lára ẹni tó jìn sí kòtò. Ní 2017, wọ́n ṣe òfin kan ní Àbújá pé ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹni tí ìbọn bà láìbéèrè ìwé ọlọ́pàá. Òfin dáadáa ni. Àmọ́ ta ni yóò gbé e dé ilé ìwòsàn? Gbogbo onímọ́tò l'Ékòó ló mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ẹni tí wọ́n gún ló kọ́kọ́ máa ń kọ sítétimẹ́ńtì, kò sì mọ ìgbà tí sítétimẹ́ńtì yóò di ẹ̀sùn. Wọn a yà gba ẹ̀gbẹ́ kan. Ọlọ́pàá á wá máa ṣàròyé pé ará ìlú kò fẹ́ fún àwọn ní ìròyìn.

Ní Sùúrùlérè yìí náà, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ̀hónú hàn lórí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS, ìbọn dún, èèyàn méjì sì kú: ọlọ́pàá kan, àti ọkùnrin ẹni ọdún 55 kan tó ń bá tirẹ̀ lọ. Ọlọ́pàá ní àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ló yìnbọn, wọ́n sì kó àwọn ọ̀dọ́ kan. Àwọn tó gbé fóònù dání níbẹ̀ sọ ohun mìíràn. Ariwo pọ̀ débi pé Femi Gbajabiamila, tó ń ṣojú Sùúrùlérè, tó sì jẹ́ olórí ilé aṣòfin kékeré nígbà náà, dá sí i kí wọ́n lè tú wọn sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Gómìnà Sanwo-Olu kéde pé wọ́n ti mú ọlọ́pàá mẹ́rin lórí ọ̀rọ̀ Sùúrùlérè. Ojú ọ̀sán ni, èrò pọ̀, kámẹ́rà pọ̀, ó sì ṣojú aráyé. Láago méjì òru ní Múṣín, ta ló ń ya fídíò?

Ó dùn mí pé nínú oṣù kẹwàá yẹn kan náà, nígbà tí jàǹdùkú gba ìgboro, wọ́n ba ilé àyẹ̀wò DNA tí ìjọba Èkó ṣí ní 2017 jẹ́. Ilé tó lè sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ta ló wà lára aṣọ ta ni a fọwọ́ ara wa run.

Ohun tí aṣọ lè ṣe kò kéré. Damilola Taylor, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n bí l'Ékòó, kò tíì lò ju oṣù mélòó kan lọ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí wọ́n gún un lẹ́sẹ̀ ní Peckham, ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 2000, tí ẹ̀jẹ̀ fi dà lára rẹ̀ títí tó fi kú. Ọlọ́pàá ibẹ̀ mú ọmọkùnrin mẹ́rin lọ sílé ẹjọ́. Ọmọbìnrin ọdún 14 kan ni ẹlẹ́rìí tí wọ́n gbọ́kàn lé, ẹ̀rí rẹ̀ sì wó lulẹ̀. Ní 2002, gbogbo wọn gba ìdáǹdè. Ìtìjú ńlá ni. Àmọ́ àwọn aṣọ àti bàtà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ àdúgbò láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà nípamọ́. Wọ́n gbé wọn fún àwọn onímọ̀ mìíràn, àwọn yẹn sì rí ẹ̀jẹ̀ Damilola lára bàtà kan àti lẹ́nu ọwọ́ aṣọ òtútù kan, ohun tí àwọn àkọ́kọ́ wò tí wọn kò rí. Ní 2006, ilé ẹjọ́ dá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan lẹ́bi. N kò sọ pé ẹni mímọ́ ni ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní Peckham ní ìtàn tiwọn láti sọ. Ṣùgbọ́n ẹnìkan tọ́jú bàtà yẹn.

A ní òfin tiwa. Òfin tí Èkó ṣe ní 2007 lórí ẹjọ́ ọ̀daràn sọ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ìyá rọ́pò ọmọ, tàbí ìyàwó rọ́pò ọkọ. Láti 2021, wọn kò tún gbọdọ̀ to afurasí síwájú oníròyìn mọ́. Abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ẹsẹ kẹfà, ní ẹni tí wọ́n bá mú láìbófinmu gbọ́dọ̀ gba owó gbà-má-bínú, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Owó náà máa ń jáde nígbà míràn, tí lọ́yà bá gbóná. Àforíjì ni mo ń wá. Ìjọba ń rówó ra odindi ojú ìwé ìròyìn láti fi kí gómìnà kú ọjọ́ ìbí. Kí wọ́n ra ìdajì ojú ìwé fún ẹni tí wọ́n fi ọdún rẹ̀ ṣòfò. Kí àìpíò tó mú un sì tún padà lọ sí àdúgbò yẹn, kó dìde níwájú alága àti àwọn láńlọ́ọ̀dù, kó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé ẹni yìí kọ́. Ọjọ́ ìpàdé ni kó lọ, kó má lọ lọ́jọ́ iṣẹ́ tí wọn kò ní pé sílé.