Ẹni Tó Pe malloc, Òun Ni Kó Pe free

Nígbà tí mo wà ní 200 level, mo gba máàkì 18 nínú 20 lórí linked list tí mo kọ ní C. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi Valgrind yẹ iṣẹ́ náà wò. Function tí mo ní ó ń pa node rẹ́ kò free ẹyọ kan. Máàkì 18 yẹn kò tọ́ sí mi, kò sì tọ́ sí ọ̀pọ̀ nínú yín náà. Ohun tó jáde lójú kọ̀ǹpútà nìkan ni olùkọ́ wò. Kò béèrè pé, "Mẹ́mórì tí o yá ńkọ́?"

Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Bí ọ̀rọ̀ malloc ṣe rí gan-an nìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: "Ṣebí tí program bá ti parí, operating system á gba gbogbo ẹ̀ padà?" Òótọ́ ni, lórí Linux àti Windows. Ṣùgbọ́n server kì í parí bí iṣẹ́ àṣetiléwá wa. Tí ó bá ń gbàgbé 100 byte lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, tí ìbéèrè mílíọ̀nù kan sì ń wọlé lójúmọ́, 100 megabyte ló ń sọ nù lójoojúmọ́.

Àwọn mìíràn ń free, ṣùgbọ́n wọn ò jáwọ́. Wọ́n dà bí ẹni tó dá kọ́kọ́rọ́ hostel padà fún porter, àmọ́ tó ti gé òmíràn pamọ́, tó tún ń wọlé lóru nígbà tí wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní yàrá náà. Use-after-free nìyẹn. Ní 2020, àwọn tó ń ṣe Chrome sọ pé nǹkan bí 70% nínú àwọn àṣìṣe ààbò rẹ̀ tó le jẹ́ ti mẹ́mórì, ìdajì wọn sì jẹ́ use-after-free. Bí àwọn ọ̀gá bá ń ṣubú báyìí, ta ni àwa tí a ò tilẹ̀ yẹ iṣẹ́ wa wò?

Ohun tó yẹ ká máa ṣe kò le. Kọ `int *p = malloc(n * sizeof *p);` kí o sì wò ó bóyá NULL ló dá padà. Má kọ `p = realloc(p, m);` láéláé: tí realloc bá kùnà, NULL á gba ipò àdírẹ́sì àtijọ́, o ò sì ní rí ohun tí o máa free mọ́. Pointer mìíràn ni kó o fi gba èsì rẹ̀ ná. Free lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o wá kọ `p = NULL;`, torí `free(NULL)` kì í pa nǹkan lára. Tí function rẹ bá ń dá mẹ́mórì tuntun padà, kọ ẹni tí yóò free rẹ̀ sókè function náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fún wa ní máàkì, ẹ fi `-fsanitize=address` kún gcc, tàbí kí ẹ lo Valgrind. Ẹni tó bá jẹ gbèsè mẹ́mórì, ẹ yọ máàkì rẹ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi.