Ta ló máa ya fíìmù Enugu Road?

Ẹ̀yin ará wa ní Sábọ̀n Gàrí, tí wọ́n bá ti ní fíìmù, Apá Kìíní àti Apá Kejì ló ń wá sí wa lọ́kàn, ìyàwó àti ìyá ọkọ tó ń jà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nìkan. Ní 1957, Lindsay Anderson gbé kámẹ́rà lọ sí ọjà Covent Garden ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ya àwọn alábàárù àtàwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ àti òdòdó, láti òru mọ́jú. Kò ju bí ìṣẹ́jú 40 lọ. Every Day Except Christmas lorúkọ ẹ̀.

Wọ́n ya Udi náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Enugu tí wọ́n fi sọ títì wa lórúkọ. Daybreak in Udi, 1949, gba Oscar pàápàá. Àmọ́ ìjọba òyìnbó ló ṣe é, ohun tó wu ìjọba ni wọ́n fi hàn wá.

Àwa ńkọ́? Nígbà tí bọ́ǹbù dún níbí ní oṣù Keje 2013, ayé gbọ́ orúkọ wa. Ta ló tíì ya ìyá tó ń dín àkàrà níwájú ilé wa? Àwọn àgbà tó mọ bí àwọn bàbá wa ṣe dé láti Ọ̀ffà àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí fóònù ẹ̀ bá dáa láàárín wa, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá tiẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè yìí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó.