Àwòrán Eré Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Iṣẹ́ Àfipawọ́

Kò sí ènìyàn tí iṣẹ́ kì í sú. Nígbà tí àgbẹ̀ bá ti oko dé, tí ó sì ti jẹun tán, a máa jókòó sídìí ọpọ́n ayò. Bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé tí ó ti kọ̀wé láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ a máa wá ohun tí yóò fi tu ara rẹ̀ lára. Ohun tí ènìyàn fi ń pa ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní iṣẹ́ àfipawọ́. Láàrin àwọn ọ̀dọ́ òde òní, pàápàá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí iṣẹ́ àfipawọ́ wọn ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Wọn a jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà, wọn a ya pápá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, wọn a sì mú kí àwọn àmì kékeré máa sáré lórí rẹ̀, kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù sí ara wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn eléré gidi ti ń ṣe. Àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ a máa wí pé ọ̀lẹ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí ó bá fẹ́ràn eré náà, kí ó dìde kí ó lọ gbá a. Ó tọ́ kí a yẹ ẹjọ́ yìí wò dáadáa kí a tó dá a, nítorí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Eré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kì í ṣe eré àtayébáyé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891 ni olùkọ́ kan tí ń jẹ́ James Naismith dá a sílẹ̀ ní ìlú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, nígbà tí òtútù kò jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè ṣeré ní ìta. Ó kan apẹ̀rẹ̀ èso méjì mọ́ ibi gíga, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ilẹ̀, ó sì kọ òfin 13 tí wọn yóò máa tẹ̀ lé. Apẹ̀rẹ̀ ti di òrùka irin tí a so àwọ̀n mọ́, ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ kò yí padà títí di òní. Ẹni 5 ni ó ń gbá a ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Nínú ìdíje NBA ti Amẹ́ríkà, láti ọdún 1954, ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jù ú sí òrùka kí ìṣẹ́jú-àáyá 24 tó pé. Nítorí náà kò sí àyè fún ìṣe wàdùwàdù; ète ni wọ́n fi ń gbá a.

Ó ti pẹ́ tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ti ń ya ète wọ̀nyí sí ojú pátákó. Ìlà gbọọrọ ni ipa ẹsẹ̀ ẹni tí ń sáré. Ìlà tí a gé wẹ́wẹ́ ni bọ́ọ̀lù tí a jù. Ìlà tí ó wọ́ bí ipa ejò ni ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lọ. Ní ọdún 1962, Tex Winter tẹ ìwé kan jáde lórí ète onígun mẹ́ta. Ète yìí kan náà ni Phil Jackson fi tọ́ ẹgbẹ́ Chicago Bulls, tí wọ́n fi gba ife ẹ̀yẹ lẹ́ẹ̀mẹfà láàrin ọdún 1991 sí 1998. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà lára àwòrán ojú pátákó: ó ń sọ ibi tí ènìyàn ń lọ, kò sọ ìgbà tí yóò dé ibẹ̀. Ìgbà yìí gan-an ni ẹni tí ń ya àwòrán tí ń rìn ń wá.

Bí ó ti ń ṣe é nìyí. Yóò fi àmì róbótó 5 ṣe ẹgbẹ́ kan, yóò fi 5 mìíràn tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ ṣe ẹgbẹ́ kejì. Yóò tọ́ka ibi tí olúkúlùkù wà ní ìbẹ̀rẹ̀, àti ibi tí yóò wà lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì. Kọ̀ǹpútà ni yóò ya àwọn àwòrán tí ó yẹ kí ó wà láàrin méjèèjì. Bí ó bá lo àwòrán 24 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, gẹ́gẹ́ bí ti sinimá, ète tí ó gba ìṣẹ́jú-àáyá 10 yóò gba àwòrán 240. Àṣìṣe tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń ṣe ni pé kí ó jẹ́ kí gbogbo wọn máa sáré bákan náà; àwọn eléré rẹ̀ a máa yọ̀ lọ bí ọkọ̀ ojú omi, wọn a sì máa gba inú ara wọn kọjá bí iwin. Kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé ènìyàn a máa dẹwọ́ eré sísá kí ó tó yí, àti pé ẹni tí ó yára dé ṣáájú bọ́ọ̀lù kò sàn ju ẹni tí ó pẹ́ lọ.

Àǹfààní tí ó ga jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé ó ń la ojú ẹni. Ní ibi ìdíje, ibi tí bọ́ọ̀lù bá lọ ni ojú èrò ń lọ. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ sínú òrùka ni wọ́n ń hó fún. Ẹni tí ń ya àwòrán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá mú bọ́ọ̀lù, ẹni 9 ń bẹ tí kò mú un, ó sì di dandan láti mọ ohun tí olúkúlùkù wọn ń ṣe. Àpẹẹrẹ kan ni ète tí ó sọ John Stockton àti Karl Malone di olókìkí nínú ẹgbẹ́ Utah Jazz. Malone a lọ dúró gbọin-gbọin bí ògiri ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ń ṣọ́ Stockton. Stockton a gba ẹ̀gbẹ́ Malone kọjá, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ a sì há síbẹ̀. Kí àwọn alátakò tó mọ ẹni tí wọn yóò lé, Malone ti yí, ó ti sáré dé abẹ́ òrùka, bọ́ọ̀lù a sì bá a níbẹ̀. Lójú èrò, jíjù tí Stockton ju bọ́ọ̀lù ni ó mú ayò wá. Lójú ẹni tí ó ya á, ìdúró yẹn ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Àwọn 3 yòókù pàápàá, tí wọ́n tàn ká sí ọ̀nà jíjìn kí àwọn tí ń ṣọ́ wọn má baà ráyè ṣèrànwọ́, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Àìrìn pọ̀ ni ó ń jẹ ejò níyà. Ọmọ tí ó bá ti kọ́ láti rí iṣẹ́ ẹni tí kò mú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kò ní ṣàìrí iṣẹ́ ẹni tí ń pọn omi sílé, tàbí ti ẹni tí ń gbá ọgbà ilé-ìwé kí àwọn mìíràn tó jí.

Bí ó ti wù kí ó rí, òtítọ́ díẹ̀ ń bẹ nínú ẹ̀sùn àwọn àgbà. Àmì ojú kọ̀ǹpútà kì í rẹ̀, kì í bẹ̀rù, kì í sì í ṣàìgbọràn. Ó rọrùn púpọ̀ láti ya ète tí kì í kùnà, bí àwọn alátakò bá dúró bí ère. Irọ́ ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ya á ni ó sì ń kọ́kọ́ tàn jẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní òtítọ́ gbọ́dọ̀ fún alátakò ní ọgbọ́n tí ó tó ti ara rẹ̀, kí ó sì ya ọ̀nà tí ète náà lè gbà bàjẹ́. Bákan náà, kò yẹ kí ó rò pé àwòrán lè dípò òógùn. Hakeem Ọlájuwọ́n, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1963, ti ṣe aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́, kí ó tó mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ó yá nínú àwọn eré wọ̀nyí ni ó gbé lọ sí Houston Rockets, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún 1994 àti 1995. Kò sí àwòrán tí ó lè fún ènìyàn ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ tí ń ya eré kì í ṣe ọ̀lẹ, bí ó bá gbà kí a dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Kí ó ya á ní alẹ́, kí ó sì gbé e lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní pápá ní ọjọ́ kejì. Ibi tí ó bá ti kùnà, kí ó padà wá tún un ṣe. Bí òbí bá bá ọmọ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí lẹ́yìn tí ó ti parí iṣẹ́ ilé àti ti ilé-ìwé, kò yẹ kí ó fi pàṣán lé e dìde. Ó yẹ kí ó tọ́ka sí ọ̀kan nínú àwọn àmì náà, kí ó sì bi í léèrè pé, “Kí ni ẹni tí kò mú bọ́ọ̀lù yìí ń ṣe?” Bí ọmọ náà bá lè dáhùn, kò fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.