Òṣìṣẹ́ Tó Lọ sí Jámánì Nílò Ibi Ìdáná

Ẹni tí ilé iṣẹ́ bá rán lọ sí Jámánì fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sábà máa ń di ẹrù oúnjẹ kó tó ronú kan aṣọ. Gààrí wọ àpò, ẹ̀gúsí lílọ̀ tẹ̀ lé e, ẹran díndín wọ inú ọ̀rá mẹ́ta. Ẹran yẹn kò ní kọjá lọ́wọ́ aṣọ́bodè. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà kí arìnrìn-àjò gbé ẹran tàbí wàrà wọlé láti Nàìjíríà, bó ti wù kó gbẹ tó. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2019, èso tútù pàápàá gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé kò ní kòkòrò. Èso márùn-ún péré ni wọ́n yọ sílẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbọn, dàbínù àti durian.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bá aṣọ́bodè fa wàhálà nítorí ẹran díndín. Oúnjẹ wà ní Jámánì.

Ẹyin, ìrẹsì, adìyẹ àti àlùbọ́sà kò wọ́n ní súpámáàkẹ́ẹ̀tì Aldi tàbí Lidl. Èyí tí yóò mú ọbẹ̀ jọ ọbẹ̀ ló kù, àwọn ará Túrkì ló sì ń tà á: ilá, tàtàṣé, tòmátò inú agolo, ẹ̀wà funfun olójú dúdú, ẹran àgùntàn tí wọ́n gé lójú ẹni. Àwọn sọ́ọ̀bù yìí ní ìtàn tó yẹ kí òṣìṣẹ́ wa mọ̀. Lọ́dún 1961 ni Jámánì Ìwọ̀ Oòrùn àti Túrkì tọwọ́ bọ̀wé pé kí àwọn òṣìṣẹ́ máa ti Túrkì wá sí ilé iṣẹ́ Jámánì. Ọdún méjì ni wọ́n kọ́kọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kó tó padà sílé. Ní 1964 ni wọ́n mú gbèdéke náà kúrò. Àwọn náà wá ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ ni, oúnjẹ ilé wọn ń wù wọ́n jẹ, àwọn kan nínú wọn sì ṣí sọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló jẹ́ kí ọmọ Ìbàdàn rí ilá rà ní Berlin lónìí.

Ní ti ata rodo, epo pupa àti iṣu, sọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Áfíríkà ni kí èèyàn béèrè. Ẹni tí kò bá rí ìyẹ̀fun àmàlà lè ro ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ ti ń ṣe.

Kí òṣìṣẹ́ náà múra sílẹ̀ fún ọjọ́ Ìsinmi o. Òfin ilẹ̀ Jámánì dáàbò bo ọjọ́ náà láti 1919, kò sì sí súpámáàkẹ́ẹ̀tì tó ń ṣí àfi díẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin àti pápákọ̀ òfurufú. Kó má sì ju ike omi nù: sẹ́ǹtì 25 ni wọ́n ti bù lé owó rẹ̀, ẹ̀rọ inú sọ́ọ̀bù ni yóò dá a padà fún un.

Ọ̀rọ̀ tó ká wa lára ni ti àwọn tó ń fi búrẹ́dì gbígbẹ àti tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ́sítákóòdù, ìyẹn owó ìrìn àjò wọn, lè ṣẹ́ kù. A mọ ohun tí owó yẹn lè ṣe nílé, a kò sì bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kò lè gbọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n torí ẹ̀ rán an. Ẹni tó bá rí ibi dáná lè jẹun kánú, kí owó sì tún kù sí i lọ́wọ́. Láti 2020, yúrò 28 lójúmọ́ ni òfin Jámánì gbà kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ tó rìnrìn àjò nínú ilẹ̀ náà fún oúnjẹ láìsan owó orí. Ẹni tó ń dáná lè fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra èròjà ọbẹ̀ ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Nítorí náà, ọwọ́ àwọn ọ̀gá ni ọ̀rọ̀ náà wà. Kí wọ́n yé gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tí kò ní ju ìkòkò iná tíì lọ. Ilé tó ní kíṣìnnì kékeré wà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ní gbogbo ìlú ńlá Jámánì. Kí wọ́n má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò gbé òṣìṣẹ́ débẹ̀ lálẹ́ Sátidé, nítorí ó lè jẹ́ ọjọ́ Ajé ni yóò tó rí ohun tí yóò sè rà.