Ẹ Yé Sáré Tẹ “repair”

Ó ti sú wa o. Nígbàkigbà tí a bá bi àwọn tó ń tọ́jú server léèrè pé ṣé iṣẹ́ àṣekágbá wa wà láìléwu, èsì kan náà ni: “Ẹ fọkàn balẹ̀, díìsìkì méjì ló wà níbẹ̀, ohun tó wà nínú èkíní ló wà nínú èkejì.” Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Ìgbà wo ló yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn? Ẹnu wọn á wọhò.

RAID 1 orí Linux máa ń kọ nǹkan kan náà sórí díìsìkì méjèèjì, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ kà á, ọ̀kan ló ń kà, kì í fi wé èkejì. Díìsìkì tó kú kò ṣòro mọ̀. Èyí tó ń parọ́ láìkú ni wàhálà.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí a fi ń mú un wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ “check” sínú sync_action tó wà ní /sys/block/md0/md, kó parí, kí ẹ wá ka mismatch_cnt. Debian tilẹ̀ ti ṣètò rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Àwọn kan á lọ pa á, wọ́n ní ó ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn!

Èyí tó wá ń bí wa nínú jù ni pé, bí wọ́n bá rí 128, kíá, wọ́n ti kọ “repair”. Nọ́ńbà padà sí 0, inú wọn dùn. Àwa ò rí ohun ayọ̀ níbẹ̀. “Repair” kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́; ṣe ló mú ọ̀kan, tó fi pa èkejì rẹ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Tó bá jẹ́ irọ́ ló fi pa òótọ́ ńkọ́? Ẹ̀rí ti lọ nìyẹn.

128 yẹn gan-an kì í ṣe àṣìṣe 128. Sector oní-báìtì 512 ló ń kà, 64KB ló sì sábà máa ń fi wéra lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ó lè jẹ́ ojú kan péré ló yàtọ̀. Ṣé swap wà lórí rẹ̀? Ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì lè yí padà kí ó tó kọ ọ́ dé díìsìkì kejì, kó má sì sí ohun tó bàjẹ́. Àbí --assume-clean ni wọ́n fi dá a sílẹ̀? Ìyẹn náà lè mú nọ́ńbà wá. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ fi cmp wo ibi tí méjèèjì ti yapa, ẹ wá fáìlì tó wà níbẹ̀, ẹ fi wé ẹ̀dà tó wà níbòmíràn, ẹ fi smartctl wo díìsìkì, ẹ wo okùn, ẹ dán mẹ́mọ́rì wò. ZFS àti Btrfs ń tọ́jú checksum, wọ́n sì lè mọ èyí tó ń parọ́. Èyí tí ẹ ń lò kò lè mọ̀ ọ́n.

Àbí ẹ̀dà kankan ò sí níbòmíràn? Ìyẹn la fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lẹ nọ́ńbà oṣooṣù mọ́ ẹnu ọ̀nà láàbù, ì báà jẹ́ 0, ì báà jẹ́ 128.